Ibi tí Wọ́n Gbá Mọ́ nínú Igbó

Ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ní ká lọ pàgọ́ sínú igbó ìjọba lẹ́yìn Ìdó-Ilé, ká sùn síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹni pé a ò nílé l'Áràmọkọ. Ẹ̀gún la bá káàkiri, títí a fi dé ibì kan tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní. Inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àgọ́ wa.

Mo di ọkọ mi lọ́wọ́ mú. "Dádì, ta ló ń gbálẹ̀ nínú igbó?"

"Bóyá ojúbọ Ògún ni."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá màrìwò lára igi. Èmi ìyá ìjọ, mo ń fi gbogbo ọkàn wá màrìwò! Tó bá jẹ́ ti Ògún ni, a óò tọrọ gáfárà, a óò sì máa lọ. Ajínigbé kì í gba gáfárà.

Kò sí màrìwò. Okùn ni mo rí, wọ́n so ó mọ́ ìdí igi, níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé. Mo fọwọ́ kan eérú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣì gbóná.

A sáré títí a fi dé títì. Àgọ́ wa ṣì wà níbẹ̀. Ẹni yòówù tó ń sùn nínú rẹ̀ báyìí, mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n.