Ó Tì Méjì

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin kan fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ kan. Iṣẹ́ náà kò le: kó ṣí géètì láàárọ̀, kó tì í, kó sì máa wo ojú ọmọ tó bá fẹ́ sá jáde kí aago tó lù. Ọmọ á wá, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Màmá, ṣé kí n sáré débẹ̀ yẹn?" Á ní, "Ó tì." Kò ní pariwo, kò ní bínú. Ọmọ á padà. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe di Màmá Ó-tì nìyẹn. Àwọn tí irùngbọ̀n ti bo ẹnu wọn ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú pópó.

Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ náà kógbá sílé. Géètì tó ṣọ́ fún ọdún mọ́kànlá, ẹlòmíràn ló wá fi àgádágodo tì í pa.

Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Pálọ̀ ni wọ́n ń sùn fún oṣù mẹ́rìnlá. Nígbà tí wọ́n dé, àga gígùn gba gbogbo ara ọmọ náà. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Àbúrò rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ tí kò dáa sí i rí. Ọkọ àbúrò rẹ̀ náà kò sọ. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, ọkùnrin yẹn á fi bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, á fi ẹsẹ̀ lásán rin pálọ̀ kọjá, kó má bàa jí wọn. Ohun tó ń dun obìnrin náà jù nìyẹn.

Ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ní adágún omi, ó ní àwọn ẹ̀rọ ìṣeré tó ń yí, tó ń fò, tó ń mì. Ó wá iṣẹ́ lọ síbẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ sí i pé kó wá. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n á fi dán an wò. Bó bá yege, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì fún un ní yàrá kan nílé àwọn òṣìṣẹ́, lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Bí kò bá yege, kó dá aṣọ iṣẹ́ wọn padà.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, "yàrá" ló gbọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fún un ní ẹ̀wù búlúù àti ṣòkòtò búlúù. Kò wọ ṣòkòtò rí láyé rẹ̀. Ó gbé e wọ̀ nílé kí ọmọ rẹ̀ rí i.

"Màámi, ẹ jọ mẹkáníìkì."

"Mẹkáníìkì tó bí ẹ nìyí."

Ìdí kẹ̀kẹ́ ńlá kan tó ń gbé èèyàn yí lọ sókè ni wọ́n fi í sí. Kẹ̀kẹ́ náà dúró gbọnrangandan, ó ga ju òtẹ́ẹ̀lì lọ, ilé irin kéékèèké mẹ́rìnlélógún sì so mọ́ ọn yíká tí àwọn àlejò ń jókòó sí. Àgò ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè wọ́n, bíi ti adìẹ, nítorí pé wọ́n rí bẹ́ẹ̀, àlejò kì í sì í dákẹ́ nínú wọn. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń darí kẹ̀kẹ́ náà. Bàbá Ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí; ọ̀pá irin tó ń mú kẹ̀kẹ́ lọ, tó ń mú un dúró, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ahéré kékeré kan ló ń jókòó sí, pátákó ńlá kan sì dábùú níwájú rẹ̀. Ó ń rí orí àlejò, ó ń rí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò rí ilẹ̀kùn àgò. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́.

"Wò ó, ìyá," ló wí fún un. "Pa ilẹ̀kùn dé. Sọ irin ìdábùú sílẹ̀. Fà á lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Èmi á ní, 'Ṣé ká lọ?' Ìwọ á ní, 'Ó tì!' pé ilẹ̀kùn ti tì. Ìgbà yẹn ni màá gbéra."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Orúkọ mi lẹ pè yẹn, Bàbá."

Ó sọ ìtàn orúkọ náà fún un. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "A jẹ́ pé iṣẹ́ yìí ti ń pè ẹ́ tipẹ́, o kò gbọ́ ni."

Àgò àkọ́kọ́ tó tì, ohùn rẹ̀ kò kọjá ètè rẹ̀.

"Kí lo wí?" ni Bàbá ké.

"Mo ní ó tì, Bàbá."

"Ṣé àṣírí ni? Àbí èmi àti ẹ la jọ fẹ́ jí kẹ̀kẹ́ gbé?"

Àwọn àlejò tó tò sí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn ló ti ń ké e sókè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó kì wọ́n bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọ rẹ̀ sì ń fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ó ti ń fi ọwọ́ àlejò mọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà: ẹni tó bá ń pariwo kò bẹ̀rù, ẹni tó bá ń ṣẹ́ aṣọ rẹ̀ ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni kó o bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó bá àpò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀. Ìwé méjì, ìyarun kan àti bèbí tí kò lápá kan ló wà nínú rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Ẹrù yàrá wa ni, Màámi."

"Wọn ò tíì fún wa."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń múra sílẹ̀ ni."

Lọ́jọ́bọ̀, bọ́ọ̀sì méjì kó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá. Ó gbọ́ ariwo wọn kó tó rí wọn. Ariwo náà wọ inú rẹ̀ lọ síbi tí ọdún mọ́kànlá yẹn wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ojú rẹ̀ là. Mẹ́ta-mẹ́ta ló ń kó wọn sínú àgò. Nínú àgò kẹsàn-án, àwọn méjì ti jókòó. Ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Bàtà ẹsẹ̀ kejì bọ́ sínú àlàfo tó wà láàárín pèpéle àti àgò. Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, ìdajì ara rẹ̀ nínú, ìdajì níta.

"Ṣé ká lọ?" ni Bàbá Ọlọ́pàá ké.

Ọmọ ń yọ jáde, ẹnìkan sì ń tọrọ àyè, bíi ti ìdí géètì ọjọ́sí. Obìnrin náà kò ronú. Ẹnu rẹ̀ ló mọ ohun tó máa ń sọ.

"Ó tì!"

Kẹ̀kẹ́ gbéra.

Ó gbá ọmọ náà mú ní ìbàdí, ó fi ọwọ́ kejì di ilẹ̀kùn mú kí àwọn méjì tó wà nínú má bàa já bọ́, ó sì ń bá àgò rìn. Pèpéle kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ. Ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu, kò rí i. "Ó tì! Ó tì o! Bàbá, ó tì!" Gbogbo èyí tó ń ké, ńṣe ló ń fi Bàbá lọ́kàn balẹ̀ pé ilẹ̀kùn ti dé dáadáa.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbà wọ́n. Bàbá rí ṣòkòtò búlúù tó ń lọ lábẹ́ àgò. Ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ kì í bá àgò rìn. Ó fa ọ̀pá. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró, ó ku ìṣísẹ̀ kan kí pèpéle tán.

Àwọn tó tò sí ìlà pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni. Ọmọ náà gbójú sókè wò ó. "Màmá, bàtà mi ńkọ́?"

Ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo àwọn ẹ̀rọ náà sáré dé. Obìnrin ni, ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá Fèrè ni wọ́n ń pè é. Kó tó débẹ̀, Bàbá Ọlọ́pàá ti sún mọ́ obìnrin náà.

"Má sọ nǹkan kan," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Màá ní ọ̀pá ló yọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n á ní ogbó ni. Ogbó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Ó wo Bàbá. Ó rántí àpò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó tún rántí pé bí ọ̀pá bá yọ̀ lọ́wọ́ àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í jẹ́ kó tún dì í mú mọ́.

"Ọ̀gá mi," ló wí, "ọ̀pá kò yọ̀. Èmi ni mo ké ó tì. 'Rárá' ni mo ní lọ́kàn."

Ọ̀gá Fèrè fa kálámù yọ. Ó kọ nǹkan sínú ìwé. "Ẹ má dé ìdí kẹ̀kẹ́ lọ́la, Màmá. Ẹ bá wa gbá etí adágún. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ wá rí mi."

Kò pariwo, kò bínú. Obìnrin náà mọ irú ohùn yẹn. Ohùn géètì ni.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, ó ti lajú sílẹ̀ kí ọkọ àbúrò rẹ̀ tó kọjá, bàtà lọ́wọ́. Ó yára pa ojú dé, kí ojú má bàa ti àwọn méjèèjì. Gbogbo ọjọ́ náà ló fi gbá ewé létí omi. Láti ibẹ̀, ó ń wo kẹ̀kẹ́ tó ń yí. Lọ́sàn-án, ó rí i pé ẹlòmíràn ló jókòó sídìí ọ̀pá. Ó rò pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ òun lé Bàbá lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá ló kọ́kọ́ rí nínú ọ́fíìsì, fìlà lórí orúnkún rẹ̀. Ọ̀gá Fèrè ṣí ìwé ńlá kan sílẹ̀.

"Màmá, Bàbá yìí wá bá mi lánàá. Ó jókòó síbi tó jókòó sí yìí, ó ní òun ò ní dìde."

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí," ni Bàbá wí.

"Ó ní ẹni méjì ti ké 'ó tì' kẹ́ ẹ tó dé, tí kẹ̀kẹ́ gbéra nígbà tí kò yẹ kó gbéra. Mo wá inú ìwé wò, mo bá a níbẹ̀. Ọ̀gá tó ṣáájú mi lé àwọn méjèèjì. Ó kọ ọ́ pé wọn kì í fetí sílẹ̀." Ó pa ìwé náà dé. "Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ó tì wo ni. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní dé ìdí kẹ̀kẹ́ mọ́. Kí la ó wá máa ké?"

"Ó kọ́," ni Bàbá wí. "Irin ti kọ́ mọ́ ilẹ̀kùn."

"Bàbá, pẹ̀lú etí yín yìí? Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ ní 'ó kọ̀' ńkọ́?"

"Ó pé, nígbà náà. Àwọn inú àgò ti pé."

"Ẹ ó gbọ́ ọ ní 'ó pẹ́', ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré."

Obìnrin náà sún mọ́ tábìlì. "Gbéra," ló wí. "Tàbí dúró. Àwọn yẹn ò jọra." Lójú ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ gbéra ni mo ní lọ́kàn. Ẹ dúró."

"Gbọ́," ni Bàbá wí. "Bí ọmọ bá ń já bọ́, má bọ̀wọ̀ fún mi. Dúró ni kó o ké. Tí kẹ̀kẹ́ bá dúró tán, kó o wá kí mi."

Ọ̀gá Fèrè rẹ́rìn-ín. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá kan jáde, ó gbé e sórí tábìlì níwájú obìnrin náà.

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún dúpẹ́.

"Ó tó," ni Bàbá wí. "A ó ríra lọ́la. Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀la."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n kó ẹrù. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ló ru àpótí aṣọ wọn. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń dún kò, kò, kò lórí símẹ́ǹtì. Nígbà tó sọ ẹrù kalẹ̀, obìnrin náà dúró níwájú rẹ̀.

"Ọkọ wa, mo máa ń rí yín láràárọ̀. Mo máa ń rí bàtà lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣeun."

Ọkùnrin náà wo ògiri. "Mo rò pé ẹ máa ń sùn ni."

Yàrá náà kò tóbi. Fèrèsé kan, bẹ́ẹ̀dì irin méjì, ìṣó kan lára ògiri tí ẹni tó ṣáájú wọn ti fi aṣọ kọ́ títí ó fi tẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wú. Ó dìgbà tó o bá gbé e sókè díẹ̀ kó tó dé. Nígbà tí àwọn tó bá wọn kó ẹrù lọ tán, ọmọ rẹ̀ gbé e sókè, ó tì í, ó sì fà á lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ.

"Màámi, ó tì."

Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kò yọ síta. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó dìde lọ sídìí fèrèsé, níbi tí orí kẹ̀kẹ́ ńlá ti ń yọ lókè òrùlé ilé ìfọṣọ.

"Ṣé kí n jáde lọ wò ó?"

"Ó tì," ni ìyá rẹ̀ wí. Aṣọ ló ń ká, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ọmọ náà wo ilẹ̀kùn. Ó wo ìyá rẹ̀. "Èwo nínú méjèèjì?"

Ẹ̀rín pa obìnrin náà títí ó fi jókòó sórí aṣọ tó ń ká. Ó dìde, ó gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, ó sì ṣí i fún un.