Ẹni Tó Ń Bọ́ Agbábọ́ọ̀lù Kì Í Gbèjà Rẹ̀

Ní Wickham, ìlú kékeré kan ní Iowa lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí yìnyín bá ti bo oko àgbàdo mọ́lẹ̀, tí àgbẹ̀ ò ríṣẹ́ ṣe mọ́ ju kó máa tún ẹ̀rọ ṣe, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló kù. Mi ò sọ ti àwọn olówó inú tẹlifíṣọ̀n o. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré orí òkè yẹn ni mò ń wí, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ò ti tó ẹgbẹ̀rún, tí ọmọ tó jù bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lálẹ́ Sátidé ṣì máa ṣe ìdánwò ìṣirò láàárọ̀ Mọ́ńdè. Kò sí èyí tó máa di olókìkí nínú wọn. Síbẹ̀, àwọn ará ìlú ń jà sí i bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ilé búrẹ́dì Rhoda ni wọ́n ti ń jà, nídìí tábìlì gígùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n á ti pé. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù dùn lẹ́nu rẹ̀ tó Arlys Tjaden.

Arlys wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé títí irun rẹ̀ fi funfun. Ẹni tí kò bá tíì darúgbó ní Wickham, ó ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí, ó sì ṣeé ṣe kó ti jẹ ìbáwí níbẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó gbá bọ́ọ̀lù fún iléèwé rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọbìnrin Iowa ń gbá láyé ìgbà náà: mẹ́fà sí mẹ́fà, ìlà kan pín pápá sí méjì, mẹ́ta ń jù sáwọ̀n ní apá kan, mẹ́ta ń dènà ní apá kejì, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kọjá ìlà. Adènà ni Arlys. Tó bá já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, á gbé e dé ìdí ìlà, á nà án sí ẹlòmíràn, á wá dúró máa wòran. Títí ó fi jáde iléèwé, kò jù ú sáwọ̀n rí. Ó ní ibẹ̀ lojú òun ti là, torí ẹni tí wọn ò bá jẹ́ kó jù, wíwò ló kù fún un.

Merle ọkọ rẹ̀ kú, ilé wá dákẹ́ jù. Ní Wickham, gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí ilé rẹ̀ bá jìn ló máa ń ní ìdílé kan nílùú tí á máa fún un lóúnjẹ ní Sọ́ńdè. Ọdún yẹn ni wọ́n fún Arlys ní Javaris Pettway, nọ́ńbà kẹrìnlá, ọmọ Memphis. Ọmọ náà ga débi pé ó ní láti tẹrí kó tó wọ ilé ìdáná. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ó jẹ ẹran màlúù pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì tán pátápátá, ó fọ abọ́, ó wá lọ jókòó sórí àga Merle láìbéèrè. Arlys wò ó títí, ó rí i pé kò dun òun. Láti ìgbà náà, Sọ́ńdè ló fi ń gbé ọ̀sẹ̀ ró. Ọdún kejì rèé.

Wàyí o, tábìlì Rhoda ní òfin kan, òfin náà kò sì ṣeé tẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ́ agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù náà, ì báà ṣe ìyìn, ì báà ṣe èébú. Dwaine Meints tó ń ta irúgbìn ló fa òfin yìí láyé àtijọ́, nígbà tó gbèjà ọmọ tó ń bọ́ títí tí àgbàlagbà méjì fi na búrẹ́dì dídùn mọ́ra wọn lójú. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n wá fẹnu kò pé bí wọ́n bá ti dárúkọ ọmọ tí o ń bọ́, kí o gbé ife rẹ, kí o máa mu kọfí. Ẹ lè wòye bí kọfí tí Arlys mu lọ́dún méjì yẹn ṣe pọ̀ tó.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún, Wickham fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Tí wọ́n bá tún fìdí rẹmi ní Sátidé, ọdún ti parí nìyẹn. Wendell Kruse wá rí ẹni tó máa di ẹ̀bi rù.

Ọ̀rọ̀ Wendell kì í bọ́ sílẹ̀ lásán. Òun ló kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, Grady Holt tó jẹ́ kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Láràárọ̀ ni Grady máa ń jókòó nídìí káńtà Rhoda, tí á kẹ̀yìn sí tábìlì, tí á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tí Wendell bá sọ lówùúrọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, òun lẹ máa rí lórí pápá nírọ̀lẹ́.

"Ọmọ yẹn ti kú sórí pápá," Wendell ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Tọ́sìdeè. "Nọ́ńbà kẹrìnlá. Ọ̀tá ò tiẹ̀ ṣọ́ ọ mọ́. Wọ́n ti mọ̀ pé kò ní jù ú."

Arlys gbé ife.

"Ṣebí ó ń já bọ́ọ̀lù gbà," Dwaine fèsì. "Ta ló já a gbà tó o lọ́dún yìí?"

"Ó já a gbà, ó wá fún ẹlòmíràn. Ṣé aṣọ́nà la gbà ni? Tanner tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yẹn ni kí wọ́n gbé síbẹ̀ ní Sátidé. Ẹ̀rù kì í ba Tanner. Á jù ú."

"Á jù ú lóòótọ́. Ó tiẹ̀ lè jù ú gba fèrèsé."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Wendell ò rẹ́rìn-ín. "Fèrèsé tún sàn ju kó máa dì í mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Kí ọmọ yẹn jókòó. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Nídìí káńtà, Grady dáwọ́ ṣíbí tó fi ń ro kọfí dúró. Arlys rí i. Àyà rẹ̀ já, torí ní Sọ́ńdè tó kọjá, bí Javaris ṣe ń nu abọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, tí wọ́n bá mú mi jókòó, mò ń lọ sílé. Bùrọ̀dá màmá mi ní iṣẹ́ wà níbi iṣẹ́ òun. Kí ni mò ń dúró ṣe nínú òtútù yìí?" Kò sọ ọ́ bí ẹni ń halẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti di ẹrù rẹ̀ tán. Ọdún kan péré ló kù fún un nínú ìwé rẹ̀.

Kọfí inú ife Arlys ti tán, ó ṣì gbé ife òfìfo mẹ́nu. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó sọ ife náà kalẹ̀.

"Wendell, ọmọ wo ni ìwọ àti Joyce ìyàwó rẹ ń bọ́ lọ́dún yìí?"

"Kò sí. Tiwa jáde lọ́dún tó kọjá. Kí ló fà á?"

"Ẹ ti ní báyìí. Javaris di tiyín láti òní lọ. Ó fẹ́ràn ọ̀dùnkún. Wàrà kì í bá a lára mu, sọ fún Joyce."

Dwaine ló kọ́kọ́ mọ ibi tó ń lọ. "Ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Òfin ò sọ pé kò lè fi í sílẹ̀," Rhoda dáhùn lẹ́yìn káńtà, bẹ́ẹ̀ Rhoda kì í sábà dá sí wọn.

"Ẹ dúró ná," Wendell fẹ́ sọ̀rọ̀. "Ọmọ yẹn..."

"Mu kọfí rẹ, Wendell," Dwaine ní.

Ojú Wendell pọ́n bíi tòmátò. Ó wo Arlys, ó wo ife, ó mu kọfí. Mo ti ń gbé Wickham tipẹ́, mi ò rí i kí wọ́n fi oúnjẹ Sọ́ńdè di ẹnu ẹni bẹ́ẹ̀ rí.

"Grady Holt," Arlys pè é, "kọjú sí mi."

Kóòṣì yí àga padà kíá. Ara rẹ̀ ò tíì gbàgbé bọ́ọ̀sì. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ yẹn ń ṣojo. Wendell ò parọ́ mọ́ ọn. Tó bá yẹ kó jù, kì í jù. Mo ti ń wò ó, inú ń bí mi, mi ò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kó ojo ràn án. Lọ́jọ́ tá a lọ bá kọ́lẹ́ẹ̀jì Saint Aldric nílé wọn, ó jù ú, kò wọlé, bọ́ọ̀lù ò tíì balẹ̀ tó o ti pè é jáde. Ṣé mo parọ́?"

"Rárá, mà."

"Láti ọjọ́ náà, kó tó jù ú, á kọ́kọ́ wo ibi tó o jókòó sí. Ojú rẹ ló ń wò, kì í ṣe àwọ̀n. Kó tó yíjú padà sí àwọ̀n, ọ̀tá ti dé iwájú rẹ̀. Ìwọ lọ wò ó dáadáa."

"Kí ni kí n wá ṣe, mà?"

"Sọ fún un pé o ò ní pè é jáde, bó jù ú gba òrùlé. Kó o sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Èmi gbá bọ́ọ̀lù títí mo fi jáde iléèwé, wọn ò jẹ́ kí n jù ú lẹ́ẹ̀kan. Ìlà ló dá mi dúró. Ta ló fa ìlà síwájú ọmọ yìí?"

Grady sanwó, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde sínú yìnyín. Arlys náà jáde. Ó wọnú ọkọ̀ rẹ̀.

Ó pe Javaris lórí fóònù kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọ náà béèrè pé, "Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, Màmá?"

"O ò ṣẹ̀ mí rárá. Kí n lè ráyè sọ̀rọ̀ ẹ ni."

"Ó dáa, mà," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ fi hàn pé kò yé e. Bó bá jẹ́ èmi náà, kò ní yé mi.

Ní Sátidé, Saint Aldric wá bá wa nílé. Inú gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Javaris wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bọ́ sórí pápá, Wendell sì ti etí fìlà rẹ̀ bọnu, ó ń jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ ọmọ náà, kò sí ọ̀tá nítòsí. Ó jù ú. Kò wọlé. Ojú rẹ̀ sá lọ sí ibi tí Grady jókòó. Gbogbo wa wo ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Grady ti yí gbogbo ara padà, ó ń wo ògiri.

Javaris jù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó gba orí pátákó kọjá. Àwọn ará Saint Aldric fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Grady ṣì ń wo ògiri bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sí i. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ náà, a rí eyín rẹ̀. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ó wọlé wẹ́ẹ́, kò kan irin. Ló bá di ariwo. Ó jù ú láti igun, ó wọlé. Ó jù ú lórí ọ̀tá méjì, ó wọlé. Arlys ń pariwo débi pé ohùn rẹ̀ há, obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ fọwọ́ dí etí. Wendell fò sókè, ó rántí pé òun ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ó jókòó, ó tún fò sókè.

Saint Aldric náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ń lé wa bọ̀, wọ́n lé wa bá. Nígbà tí ìṣẹ́jú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a wà ní ọgbọọgba, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ Javaris. Ó jù ú. Ó kan irin, ó ta padà. Gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Ọmọ náà fò, ó fọwọ́ ara rẹ̀ já a gbà láàárín wọn, kò wo ògiri, kò wo kóòṣì, ó tún jù ú. Fèrè dún, ó ti wọlé. Ará ìlú tú sórí pápá.

Ní Wickham, tí eré bá parí, agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ lọ bá ìdílé tó ń bọ́ ọ, wọ́n á ti gbé ike bisikíìtì dúró. Joyce ti gbé tirẹ̀ dání. Javaris la èrò kọjá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, bí òfin ṣe wí, Wendell sì gbá a mọ́ra bí ẹni tó ti ń bọ́ ọ láti kékeré. Níbi tí ọmọ náà ti ń kọjá, ó rí Arlys, ó gbé ọwọ́ sókè kí i. Arlys pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi ń ta á. Inú rẹ̀ ń dùn, inú náà sì ń dùn ún.

Ní Sọ́ńdè, nígbà tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí ẹsẹ̀ gígùn yẹn bó ṣe ń ká wọnú ọkọ̀ Wendell. Ó lọ sílé, ó din ẹyin, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n ní láti gbé àga kún àga nídìí tábìlì. Grady wà níbi káńtà, ẹ̀yìn ló kọ sí wọn. Dwaine ní, "Arlys ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà kẹrìnlá. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó ń gbèjà ọmọ tó ń bọ́ mọ́."

Gbogbo wọn rò pé yóò bú u nítorí bọ́ọ̀lù méjì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n Arlys bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ó yin ọwọ́ rẹ̀, ó yin ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yin eré tí gbogbo wọn ti gbàgbé láti ọdún tó kọjá, bó ṣe rọra gbé ọ̀tá tó ṣubú dìde, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí Tanner létí nígbà tí ti Tanner ò wọlé. Ọ̀rọ̀ ọdún méjì ni. Kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó nu ojú, ó ní, "Mo ṣàárò rẹ̀ lánàá. Mi ò ní purọ́."

Wendell ti mu kọfí títí ife rẹ̀ fi gbẹ. Ó sọ ife kalẹ̀. "Mi ò lè sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò ní kí n má sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọmọ yẹn jẹ ọ̀dùnkún Joyce lánàá, ó ní ó dáa, mà, ó wá ń bi mí pé ìgbà wo ni òun máa padà sọ́dọ̀ rẹ. Wá mú un, Arlys. Mo bẹ̀ ọ́. Òun náà fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Arlys wo ẹ̀yìn Grady níbi káńtà, ó rí i pé ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró sójú kan.

"Jẹ́ kó ṣì máa jẹ ti Joyce," ni ó wí. "Ìdíje ńlá kù ní Sátidé. Mo ṣì nílò ẹnu mi."