Ọmú Tí Opó Fún Ọmọ Mi

Ọjọ́ Sátidé ni. Mo ti to ẹja sórí àgbá, mo ti koná sí i nísàlẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó láti fún ọmọ mi lọ́mú ni mo gbọ́ ìró kan láti ìhà odò. Mo rò pé àwọn tó ń wa yanrìn ni, torí ẹ̀rọ wọn máa ń dún báyẹn bí wọ́n bá ń tan án láàárọ̀. Ìró kejì dún. Ìyá ọkọ mi, tó ń ha ìpẹ́ ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìbọn nìyẹn," ó ní.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ má dá mi lẹ́bi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ìbọn ọdẹ nìkan ni mo sì gbọ́ rí, níbi ìsìnkú àgbà.

Ebúté Májẹ̀mú ni wọ́n ń pe abúlé wa. Etí ọ̀sà ló wà, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Àwọn baba wa ló ti etí òkun Oǹdó wá tẹ̀ ẹ́ dó, ẹja pípa sì niṣẹ́ gbogbo wa. Nígbà tí mò ń wí yìí, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú ni, méjì péré ló wà ní abúlé wa. Ní òdìkejì odò ni Ìdí-Àgbọn wà, abúlé àwọn àgbẹ̀. Yanrìn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Àwa sọ pé àwa la ni etí odò tí wọ́n ti ń wà á, àwọn náà sọ pé àwọn ni. Àwọn àgbà pèpàdé, ìpàdé dàrú. Àwọn ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá halẹ̀ mọ́ra wọn. Síbẹ̀, àwọn obìnrin wọn ń ra ẹja lọ́wọ́ mi, èmi náà ń ra gàrí lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé ìjà ọkùnrin ni, pé yóò rọlẹ̀.

Baba Ìbùkún, ọkọ mi, ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní òun ń lọ wo àwọ̀n òun.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí ni aládùúgbò wa kan tó ń sáré bọ̀ láti ìdí ọkọ̀. Ìró ìdí rẹ̀ ti já bọ́, kò mọ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn kò jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí iná lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Mo pọn ọmọ. Lẹ́yìn náà mo ṣe ohun kan tí mi ò lè ṣàlàyé títí dòní. Mo padà sídìí àgbá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹja, kí ó má baà jóná. Ìbọn ń dún, àwọn èèyàn ń sá kọjá níwájú mi, èmi ń yí ẹja níkọ̀ọ̀kan. Ìyá ọkọ mi ló fà mí lápá.

"Ẹ̀bùn! Ẹja ta lò ń yí?"

Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ mi tó gbéra.

Inú irà tó wà lẹ́yìn abúlé la sá sí, níbi tí ọ̀pẹ ògùrọ̀ ti ṣú bolẹ̀. Omi dé ìbàdí wa. Ọjọ́ méjì la lò níbẹ̀. A ń gbọ́ ìbọn, lẹ́yìn náà ariwo, lẹ́yìn náà ìró páànù tó ń bẹ́ nínú iná. Ní ọjọ́ kejì, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. A gun orí gbòǹgbò igi kan tó yọ síta, a jókòó lé e. Akàn la rí jẹ, ní tútù. Omi tó wà lábẹ́ wa náà la mu.

Ìyá ọkọ mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà náà. Ìyá Àdúrà ni gbogbo abúlé ń pè é. Lórí gbòǹgbò igi yẹn, kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọpẹ́ ló ń dá. Ó ń dúpẹ́ akàn, ó ń dúpẹ́ igi. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

"Màmá, kí lẹ ń dúpẹ́ fún gan-an?"

"Pé a ò tíì kú."

"Ó kù díẹ̀."

"N ó dúpẹ́ díẹ̀ tó kù náà."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo fẹ́ kí ó dákẹ́. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni Ìbùkún, ọmú mi sì ti gbẹ. Ó sunkún ní gbogbo ọjọ́ kìíní, mo ń fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu kí wọ́n má baà gbọ́ wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò sunkún mọ́. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò wo nǹkan kan. Àwùjẹ̀ orí rẹ̀ ti jìn wọnú. Mo pè é, kò yíjú. Mo wo ìyá ọkọ mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò dúpẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká jáde," mo ní. "Bí wọ́n bá pa wá, kí wọ́n pa wá."

A kò lè la irà já lóru. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, a dorí kọ ọ̀nà oko tó lọ sí apá Imota. A rìn títí oòrùn fi ga. A wá rí abà kan nínú oko ẹ̀gẹ́. Obìnrin àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà. Òórùn gàrí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó mi lulẹ̀. Obìnrin náà rí wa, kò dáwọ́ dúró. Ó wo aṣọ wa tí ẹrẹ̀ ti gan, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

Mo ti mọ irọ́ tí mo fẹ́ pa. "Ẹ̀pẹ́ ni, mà. Ọkọ̀ wa ló dànù."

Obìnrin náà yíjú sí ìyá ọkọ mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo tẹ ìyá ọkọ mi lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ.

"Rárá o," ó ní. "Ebúté Májẹ̀mú la ti ń bọ̀. Wọ́n sun abúlé wa. Ọmọ yìí ń kú lọ."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí agbada. Gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, a sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́.

"Ìdí-Àgbọn ni wá, ìhà odò yìí loko wa wà. Ìjẹta la sin ọkọ ọmọ mi. Àwọn èèyàn yín ló pa á. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n sọdá lọ sí abúlé wa, ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́."

Bí wọ́n bá fi àdá ṣá mi nígbà yẹn, bóyá kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi wà nínú irà tí mò ń pe àwọn ará Ìdí-Àgbọn ní apààyàn, tí mò ń sọ fún Ọlọ́run pé a ò ṣẹ̀ wọ́n. Mi ò mọ̀ pé àwa la kọ́kọ́ sọdá. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwa obìnrin. Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Mo wo ojú obìnrin náà, mi ò lè sọ ọ́.

Ilẹ̀kùn abà ṣí. Ọmọbìnrin kan tí kò ju èmi fúnra mi lọ lọ́jọ́ orí dúró níbẹ̀, ó ró aṣọ dúdú, ó gbé ọmọ tirẹ̀ lápá. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn mi.

"Ọmọ yẹn ò sunkún," ó ní.

"Láti àná ni," mo dáhùn.

Ó gbé ọmọ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Gbé e wá. Gbé e wá kíákíá, kí n tó yí ọkàn padà."

Ìyá ọkọ mi ló bá mi tú ọ̀já. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí àpótí, ó fi ọmú sí Ìbùkún lẹ́nu. Ìbùkún kò mu ún. Ó fún ọmú, wàrà kán sí i ní ètè. Ó tún kán sí i. A dúró. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, mo rí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ mi tó gbéra, tó sì sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò wo ọmọ náà, igbó ló ń wò. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń bọ́ sórí ọmọ mi, kò nù ún.

Rísíkátù ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà la lò ní abà yẹn. Mò ń bó ẹ̀gẹ́, ìyá ọkọ mi ń sẹ́ gàrí. Rísíkátù kì í bá mi sọ̀rọ̀. Bí ọmọ mi bá sunkún, á na ọwọ́, n ó gbé e fún un. Bó bá ti yó, á gbé e padà fún mi. Ìyá rẹ̀ ló ń fún wa lóúnjẹ, inú abọ́ tí wọ́n fi ń jẹun gan-an ló sì ń bù ú sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin dé láti Ìdí-Àgbọn, méjì nínú wọn gbé ìbọn. Ìyá Rísíkátù ló kọ́kọ́ rí wọn lókèèrè, ó tì wá wọ yàrá tí Rísíkátù wà. A lúgọ sẹ́yìn àpò gàrí. Mo ń gbọ́ wọn bí ẹni pé inú etí mi ni wọ́n dúró sí.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní àwọn ará ọ̀hún ń sá gba ibí kọjá. Ẹ ò rí ẹnikẹ́ni?"

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni."

"Ta ló wà nínú ilé?"

"Opó Múfútáù ni. Ó ń ṣe opó lọ́wọ́, ọkùnrin kò gbọdọ̀ rí i. Ẹ fẹ́ wọlé lọ bá a ni?"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá, ẹ búra."

Ìyá Rísíkátù kì í fi ìrun márùn-ún ṣeré. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

"Wálláhì," ó ní, "kò sí ẹlòmíràn níbí."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi rá lọ bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá ọkọ mi tí kò lè pa irọ́ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là nìyẹn o.

"Irọ́ yẹn," ó ní, "èmi náà ló ni ín. Bí wọ́n bá bi yín ní ọ̀run, ẹ ní kí wọ́n pè mí."

Ìyá Rísíkátù wò ó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Nígbà tí àwọn sójà dé, tí ọ̀nà sì là, wọ́n kó àwa tó kù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòròdú. Ibẹ̀ ni mo ti rí Baba Ìbùkún. Ó dì mọ́ wa, kò fẹ́ tú wa sílẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí ojú wa rí fún un. Ó ń fetí sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa orí ọmọ rẹ̀, títí mo fi dárúkọ ọkọ Rísíkátù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Múfútáù wo? Múfútáù tó ń kan ọkọ̀ ojú omi?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Òun ló kan ọkọ̀ mi."

Mo bi í pé, "Níbo lẹ wà ní àárọ̀ Sátidé?"

Ó gbé ọmọ náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó dìde, ó jáde sí pápá ilé ẹ̀kọ́, ó kọjú sí ògiri. Ó gbé ọdún mẹ́tàlá sí i láyé lẹ́yìn ìyẹn, kò dá mi lóhùn. Mi ò tún bi í.

A padà sí Ebúté Májẹ̀mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òpó ilé ló kù nínú omi, dúdú. Kò sí adìẹ, kò sí ìró ẹ̀rọ, àwọn oníyanrìn pàápàá ti kó lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní kí a tún ilé kọ́. Ìgbògbò la kó lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí ọ̀pọ̀ nínú yín.

Nígbà tí Ìbùkún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo di ẹja yíyan sínú apẹ̀rẹ̀, mo mú un lọ sí abà yẹn. Rísíkátù nìkan ni mo bá. Ó na ọwọ́ bí ìṣe rẹ̀, Ìbùkún sì rìn lọ bá a. Ó gbé e lé itan, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí láti ilé.

"Baba rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó yè?"

Mo wo ilẹ̀.

"Ó yè."

Ẹyẹ kan ń ké nínú oko ẹ̀gẹ́. Mo dúró de ohun tó máa sọ. Rísíkátù fa ọmọ mi mọ́ àyà.

"Alhamdulilahi," ó ní.