Òkúta Mẹ́rin Nínú Agolo Abíọ́nà

Ẹni tó bá gba Èrúwà kọjá láìpẹ́ yìí á ti rí pátákó ilé-iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lójú ọ̀nà Ìbàdàn. ÌNÁWÓ ni wọ́n kọ sí i, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà. Èmi ni mo kùn ún lọ́dún 1993. Mo ya orí ẹ̀gbọ́n mi sí igun rẹ̀ kan, etí méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, ó sì tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó rí i. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì lé mi yí ilé ká. Ṣùgbọ́n kò pa etí náà rẹ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Irú èèyàn tí Àkíbù jẹ́ nìyẹn, òun ló fi ń dùn mí láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Orí irọ́ kan ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Èmi ni mo pa irọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò la ẹnu mi rárá.

Àkíbù ni àkọ́bí ìyá wa, èmi Mùínàt ni àbíkẹ́yìn. Ó ń ṣe akọ̀wé owó lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń ṣe títì ní Ìbàdàn, títí iṣẹ́ náà fi dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 1986. Wọn ò rí owó oṣù mẹ́ta tí wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́ san, wọ́n bá ní kí oníkálukú gbé ohun tó bá lè gbé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé fáànù, wọ́n gbé àga. Ẹ̀gbọ́n tèmi gbé kọ̀ǹpútà. Ìyá wa wò ó títí.

"Àkíbù, tẹlifíṣọ̀n yìí kì í fọhùn ni?"

"Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n, Ìyá. Ó ń ṣírò owó ni."

"Ìwọ tí o lọ sílé ìwé ńkọ́, o kì í ṣírò tẹ́lẹ̀ ni?"

Ọdún mẹ́ta ló fi ka ìwé kan tó ki bí búlọ́ọ̀kù, kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé. Ètò tó kọ náà ló pè ní ÌNÁWÓ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá náwó sórí iṣẹ́ ọ̀gá wọn, a ó tẹ ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ná sínú rẹ̀, á rò ó pọ̀, á sì fi ti ẹnìkan wé ti ẹnìkejì. Bí ti ẹnìkan bá fi ìlọ́po méjì ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa á ké kẹẹrẹ-kẹẹrẹ, á tẹ ìràwọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ onítọ̀hún.

Alájì Mùkáílà ará Igbó-Ọrà ni oníbàárà wa àkọ́kọ́, fún bí ọdún kan òun nìkan náà sì ni. Ó ní lọ́rì mẹ́rin tó ń kó gààrí àti iṣu lọ sí Ìbàdàn. Àpò ara wọn ni àwọn awakọ̀ rẹ̀ fi ń náwó lójú ọ̀nà, Alájì á sì dá a padà fún wọn lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, pẹ̀lú ariwo tí wọ́n ń gbọ́ ní ìsàlẹ̀ ọjà. Àkíbù bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé kí àwọn awakọ̀ máa yà lọ́dọ̀ wa ní gbogbo ọjọ́ Alámìísì, kí wọ́n wá ka ohun tí wọ́n ná, kí èmi tẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Abíọ́nà. Ará Ayété ni, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà, ẹni tó sì ti fi ogún ọdún wa ọkọ̀ láìgbá adìyẹ. Bàbá Àmínà là ń pè é, mo sì máa ń gbé bàtà rẹ̀ pamọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní agolo mílíìkì kan tó máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó rẹ̀ nínú ọkọ̀. Bó bá jẹun lójú ọ̀nà, á ju hóró àgbàdo kan sínú rẹ̀. Bó bá ra ọ́ìlì, á ju ìdérí mínírà sí i. Bó bá lẹ táyà, òkúta kékeré kan. Tó bá di Alámìísì, á da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì mi, á kà á lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó jẹ́ bi agolo yẹn léèrè ọ̀rọ̀.

"Wò ó, Mùínàt. Òkúta dà?"

"Kò sí, Bàbá Àmínà."

"Báwo ló ṣe máa wà? Ọkọ̀ tí èmi bá ń wà, ẹ̀rù ń ba ìṣó láti sún mọ́ táyà rẹ̀."

Ìṣògo yìí ló wù mí láti bà jẹ́ fún un, ní Alámìísì kan nínú oṣù kejì ọdún 1991. Ó gbé agolo sórí tábìlì, ó lọ kírun Alásàrí ní mọ́ṣáláṣí òdìkejì títì. Mo yọjú sínú agolo, mo rí òkúta kan ṣoṣo. Mo jáde sí àgbàlá, mo ṣa mẹ́rin, mo jù wọ́n sí i. Ohun tí mo rò ni pé á dà á sílẹ̀, á rí márùn-ún, á ṣí fìlà, á họrí, èmi á rẹ́rìn-ín títí màá fi jẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe rò ó gan-an nìyẹn.

Kò tíì dé tí Àkíbù fi rán mi lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Èrò pọ̀ nílé epo. Ibi tí mo tò sí ni mo wà nígbà tí ẹnìkan wá bá Abíọ́nà láti Ayété, ó ní Àmínà ọmọ rẹ̀ ń rọbí, ó sì ti ń le. Láti mọ́ṣáláṣí ni Abíọ́nà ti kó sínú lọ́rì. Ó yọrí síta.

"Àkíbù, bá mi ka agolo mi o!"

Àkíbù kà á. Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fi máa gbé kẹ́ẹ̀gì epo dé, ọmọ iṣẹ́ Alájì ti wá gba bébà lọ. Mo wo ẹ̀dà tó kù lọ́dọ̀ wa. Táyà: awakọ̀ kan lẹ méjì, òmíràn lẹ ẹyọ kan, òmíràn kò lẹ rárá. Abíọ́nà, márùn-ún. Ìràwọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní wọ́n á bi í ní Jímọ́ọ̀, á ní ẹyọ kan ni òun lẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Dàda, awakọ̀ Alájì kan, ló wá ròyìn Jímọ́ọ̀ náà fún wa. Alájì ti ránṣẹ́ sí fọkanáísà tí gbogbo wọn ń lò, fọkanáísà ní ẹyọ kan ni. Ó bá dá Abíọ́nà dúró láàárín àwọn awakọ̀.

"Abíọ́nà, táyà mélòó lo lẹ̀?"

"Mélòó ni agolo wí, Alájì?"

"Agolo ní márùn-ún. Fọkanáísà ní ẹyọ kan."

Dàda ní ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó họrí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bó bá wà nínú agolo mi, èmi ni mo jù ú sí i. Agolo mi kì í purọ́." Alájì na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí ogójì náírà, owó táyà mẹ́rin.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi tilẹ̀ là. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan ṣoṣo la ní, mo sì wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, tí ọdún márùn-ún rẹ̀ wà nínú àpótí kan tó ń tan iná àwọ̀ ewé. Mo ní tó bá di ọ̀la. Nígbà tó di ọ̀la, àwọn ọlọ́kọ̀ méjì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa.

"Ṣé ibí ni kọ̀ǹpútà tó mú Abíọ́nà wà?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nìyẹn. Ọlọ́kọ̀ méje lọ́dún 1992. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń sin adìyẹ, tí wọ́n fẹ́ mọ iye tí òṣìṣẹ́ ń ná sórí oúnjẹ adìyẹ. Lẹ́yìn náà, ilé-ìlọ̀ gààrí kan ní Lánlátẹ̀. A gba yàrá méjì lójú títì, a ra kọ̀ǹpútà kejì, a gba Rosaline, ọmọ olùkọ́ kan, tó ń tẹ̀wé ju èmi lọ, tí mo sì máa ń fi iyọ̀ sí tíì rẹ̀ nítorí ìyẹn. Nígbà tó fi di 1994, Àkíbù ti ń da ÌNÁWÓ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kà, ó ń tà á fún àwọn ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ó fi kún owó oṣù mi. Mo fi ra bàtà pupa kan, mo wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, n kò lè wọ̀ ọ́ mọ́.

Kò sí oníbàárà tí Àkíbù kì í sọ ìtàn agolo fún. Tó bá ti dé ibi òkúta márùn-ún, màá dìde, màá ní mò ń lọ bomi.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, èmi ni mo ju òkúta sínú agolo Bàbá Àmínà." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ìwọ náà lo ní ọ̀gá báńkì ń bọ̀, tí mo wọ agbádá dúró nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. O ò ní mú mi lẹ́ẹ̀kejì."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ó rọ̀ mí lọ́rùn pé kò gbà á gbọ́. Ìyẹn ni mi ò tíì lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Lọ́dún 1995, Dàda wá ka ìnáwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan Abíọ́nà. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ọlọ́kọ̀ Igangan ti fi mọ́tò lọ ọkùnrin náà, tí kò gbà.

"Ṣé ìtìjú ni?" Rosaline ló bi í.

"Ìtìjú kọ́. Ó ní orí òun ti ń dà rú. Ó ní ẹni tí kò mọ iye òkúta tó ń jù sínú agolo, kò yẹ kó gbé èèyàn sínú ọkọ̀. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá rẹ̀, tí bàbá fi gbàgbé orúkọ ọmọ kí ó tó kú."

Ọwọ́ mi kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun tí mo rò ni pé ọkọ̀ nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ mọ́tò dé Igbó-Ọrà, mo wọ òmíràn dé Ayété. Òun àti Ìyá Àmínà jókòó níwájú ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Ọmọ tí Àmínà bí ní Alámìísì yẹn ti ń lé adìyẹ kiri.

"Mùínàt Èrúwà! Ìyá Àmínà, di bàtà rẹ mú o, olè bàtà ti dé!"

Ìyá Àmínà bu omi wá fún mi. N kò lè mu ún. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá Àmínà, òkúta ọjọ́sí, èmi ni mo jù ú sínú agolo yín. Ẹ lọ kírun. Mo fẹ́ fi yín ṣẹ̀fẹ̀ ni."

"Mélòó?"

"Mẹ́rin."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Kí ni mo wí fún ọ ní Jímọ́ọ̀ ọjọ́ náà?"

"Ẹ ní ẹyọ kan lẹ rántí."

"Ẹyọ kan ni mo rántí! Ẹyọ kan náà ló sì jẹ́!" Ó fò dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Àfi bí ẹ̀rín náà ṣe dá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó jókòó padà sáàárín èèpo ẹ̀gẹ́. "Ọdún mẹ́rin, Mùínàt. Tí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí ẹní, màá ka orúkọ àwọn ọmọ mi, kí n mọ̀ bóyá wọ́n ṣì pé."

Ìyá Àmínà dìde. Ó gbé omi tó bù fún mi, ó dà á sí ìdí ìbẹ́pẹ.

"Dìde," ni Abíọ́nà wí. "Wàá tún un sọ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ."

Nígbà tí a dé, Àkíbù wà pẹ̀lú ọkùnrin kan láti Ìbàdàn tó fẹ́ ra dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. Ẹnu ìtàn agolo ló wà. Ó rí Abíọ́nà lẹ́nu ọ̀nà, ó dákẹ́.

"Máa bá a lọ, Àkíbù," ni Abíọ́nà wí. "Ìtàn mi ni. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Èmi ni mo parí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ojú mi, ó ń wá ẹ̀rín níbẹ̀.

"Mùínàt, sọ pé eré ni."

"Kì í ṣe eré, Bọ̀ọ̀dá."

"Sọ pé eré ni. Màá rẹ́rìn-ín."

Ará Ìbàdàn béèrè pé ṣé kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀ ni. Àkíbù ní ohun tí a bá tẹ̀ fún un nìkan ló mọ̀. Ọkùnrin náà pa báàgì rẹ̀ dé, ó ní òun ń padà bọ̀. A ṣì ń retí rẹ̀.

Àkíbù wá dísíkẹ́ẹ̀tì ọdún 1991 jáde. Ó pa márùn-ún rẹ́, ó tẹ ẹyọ kan. Ẹ̀rọ ké, bébà jáde, kò sí ìràwọ̀ lórí rẹ̀. Ó kà á sí Abíọ́nà létí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ǹtì. Ọjọ́ yẹn náà la lọ bá Alájì. Alájì ní kó wá gba lọ́rì rẹ̀. Abíọ́nà ní, "Ẹ ṣeun, Alájì. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ọkọ̀ wíwà lẹ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi." Ó lọ gba ọkọ̀ ará Igangan.

Oníbàárà mẹ́rin fi wá sílẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, Rosaline ni Àkíbù fi ń bá mi sọ̀rọ̀: "Rosaline, sọ fún ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn kó gbé bébà wá." Ó tún ètò rẹ̀ kọ, débi pé ìràwọ̀ kankan kò lè jáde mọ́, àyàfi bí oníṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ ka ìnáwó rẹ̀ lójú wa, tó sì tẹ̀ka sí i. Kò sọ ìtàn agolo fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé-iṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń lo ÌNÁWÓ lọ́dún 1998 tí mo ń kọ èyí, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni a fi rí wọn.

Ọlọ́kọ̀ Igangan wà lára wọn. Nítorí náà, Abíọ́nà máa ń yà ní Alámìísì. Kó tó ṣí agolo, á ní, "Mùínàt, ọwọ́ sókè!" Màá gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, Rosaline á rẹ́rìn-ín, Àkíbù á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Á da agolo sílẹ̀, á kà á. Lẹ́yìn náà á kó o jọ, á fi ìka kan ṣoṣo tún un kà, láìsọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ á máa mì.

Nígbà kan rí, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń kà á.