Ìràwọ̀ Tí Baba Fi Ń Gbin Àgbàdo

Òórùn èéfín ni mo fi ń rántí ilé ọkọ mi ní ìlú Akparé. Lókè ààrò ni a máa ń so irúgbìn àgbàdo rọ̀ sí, tòun ti háhá rẹ̀, kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò débẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ á máa rùn títí dọjọ́ kejì. Ebi ìbáà pa wá kú, a kì í jẹ nínú rẹ̀.

Bàbá ọkọ mi ló ń sọ ọjọ́ tí a ó tú u sílẹ̀. Ìràwọ̀ kan ló fi ń mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ mi. Funfun ni, àmọ́ àwọ̀ aró wà nínú rẹ̀, bí irin alágbẹ̀dẹ tó ti gbóná kọjá pupa. Ìhà gúúsù ló ti ń yọ. Bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, tí Baba sì rí i lókè orí òkè ẹ̀yìn oko wa, á ní, "Ó yá o." Kò tàsé rí.

Lẹ́yìn òmìnira, ní ọdún kejì tí mo wọlé ọkọ, ilẹ̀ ẹ̀bá òkè náà ṣá, a sì kó oko wa lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ tẹ́jú lọ rẹrẹẹrẹ, kò sí òkè kankan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ìràwọ̀ náà yọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko. Baba na ọ̀pá sí i. "Ó yá o."

Nígbà tí a délé, mo wo igi máńgòrò wa. Ní èṣí, èso rẹ̀ ti ń já bọ́ nígbà tí a rí ìràwọ̀ yìí; lọ́tẹ̀ yìí ó ṣì le bí òkúta. Ó wá yé mi pé òkè ló máa ń dá a dúró fún wa títí àkókò òjò á fi tó. Mo sọ ọ́ sétí ọkọ mi. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ìyàwó mi! Ṣé ìwọ ni wàá kọ́ baba mi lóko? Lọ sọ fún un fúnra rẹ." Ìyàwó kékeré, níbo ni n ó ti rẹ́nu sọ ọ́? Mo gbé omi ìwẹ̀ Baba fún un, mo sì bá wọn tú irúgbìn sílẹ̀.

A gbin gbogbo rẹ̀ pátá. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àgbàdo yọ bí etí ehoro, lẹ́yìn náà ọ̀run gbẹ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìkán omi kan kò bọ́, àgbàdo náà sì kú tán. Nígbà tí òjò gidi dé, okùn lásán ló kù lókè ààrò. Baba lọ tọrọ irúgbìn ní ìlú Agbonou, àwọn ará ibẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Baba oníràwọ̀, ṣé ìràwọ̀ ò fún yín ní irúgbìn ni?" Ààbọ̀ igbá ló gbé bọ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sí iwájú àwọn ọmọ. "Mo ti jẹun lóko." Kò sì sí nǹkan kan lóko. Kí àgbàdo tuntun tó gbó, kò lè dìde mọ́. Mo ń fún un lómi mu nígbà tó ní, "Ìyàwó, òkè ni mo gbàgbé. Ṣé ìwọ rí i lọ́jọ́ náà?"

"Mo rí i, Baba."

Ó wò mí títí, ó sì yí ojú sí ògiri. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi sin ín.

Ìyàwó àwọn ọmọ mi ló kún ilé báyìí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wo nǹkan, tó sì sọ ojú kalẹ̀, n kì í jẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fà á jókòó, mo sì ń bi í pé kí ló rí.