Obìnrin Tó Dúró fún Wàsíù

Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn alábàárù kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọjà Mile 12, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. A fẹsẹ̀ rìn láti ọjà dé Ketu láti fẹ̀hónú hàn. A ò ju òkúta, síbẹ̀ ọlọ́pàá kó lára wa. Nígbà tí wọ́n tú àwọn yòókù sílẹ̀, ó ku Wàsíù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń ru ẹrù fún Alhaja Ramọ́tà tó ń ta ata. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó da ìlú rú.

Adájọ́ fún un ní béèlì, bí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kosofe bá lè dúró fún un. Bí kò bá wá jẹ́jọ́, onídùúró ni yóò san owó béèlì náà. Alhaja kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun kó tó gbé ìwé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá.

Akọ̀wé kọ́ọ̀tù wò ó. "Mummy, ẹ lọ pe daddy wá. A kì í gba obìnrin."

"Ṣé daddy ló ni ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn, ma."

Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu wọn ló sọ ọ́. A jókòó sẹ́nu géètì kọ́ọ̀tù, a ń kọrin, títí wọ́n fi jẹ́ kó fọwọ́ sí i. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó wọlé ìbò.

Wàsíù ń wá jẹ́jọ́ déédéé. Nígbà tó yá, ó jáde nílé ní Alápẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó ní òun ń bọ̀, a ò sì rí i mọ́. A wá a dé Ojota, dé àgọ́ ọlọ́pàá, dé mọ́ṣúárì.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó kígbe orúkọ Wàsíù lẹ́ẹ̀mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Alhaja dìde, ó ní, "Ó ń bọ̀, sà." Bí ará Èkó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, kódà bí ẹni tí à ń retí ṣì wà lórí ibùsùn. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé onídùúró mọ ibi tó wà. Títí dòní, bí ẹnìkan bá pe Wàsíù ládùúgbò, mo máa ń bojú wẹ̀yìn.

Lọ́yà tó ń ràn wá lọ́wọ́ sọ pé ọ̀nà kan ló kù. "Bí olùjẹ́jọ́ bá ti kú, ma, onídùúró bọ́. Kí ẹnìkan kàn búra pé ó kú."

"Lọ́yà, ṣé ẹ rí òkú ni?"

"Rárá, ma. Àmọ́ ó ti pẹ́."

"Kí n wá gbé Kùránì pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí ṣọ́ọ̀bù? Mi ò búra."

Inú bí mi sí i. Mo ní àwọn àgbà ló sọ pé ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Alhaja ní kí n yíjú sí ìyá Wàsíù tó jókòó tì í, kí n sọ ọ́ fún un.

Ìjọba tí kò lè rí Wàsíù kò béèrè ọ̀nà kó tó dé ṣọ́ọ̀bù Alhaja. Wọ́n kó fírísà, wọ́n kó ẹ̀rọ ìlọta. Kò tó owó béèlì, ni Alhaja bá ta ṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀.

Lónìí, obìnrin ń dúró fún èèyàn ní kọ́ọ̀tù yẹn, wọn kì í béèrè daddy mọ́. A jèrè ìyẹn, n kò ní sẹ́ ẹ. Àwọn alábàárù ńkọ́? Wọ́n ṣì ń lé wọn.

Èmi ni mo sin Alhaja lọ san èyí tó kẹ́yìn nínú owó béèlì náà. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù na rìsíìtì sí i láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ó ti parí, Mummy."

Alhaja gbà á. "Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ọmọ wo, ma?"

"Èyí tí mo sanwó lé lórí."

"Ìyẹn kò sí lọ́dọ̀ tiwa níbí."

Alhaja dúró síbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń kùn, mo fà á lápá, kò kúrò.