Obìnrin Tó Ń Mú Kí Omi Tòrò

Omi tí gbogbo ìlú fi fọ abọ́, tí wọ́n fi wẹ̀, tí wọ́n fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má rò pé ó parí síbi tó ti wọlẹ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan ló ń lọ. Ìyá Kòkòrò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń sìn nínú adágún, bí ẹlòmíì ṣe ń sin adìyẹ. Imú obìnrin yìí kì í ṣe imú kékeré. Bó bá dúró lẹ́nu géètì lásán, á ti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ atẹ́gùn ti kú lójú oorun, á sì sọ irú ọṣẹ tí àwọn aráàlú fi fọṣọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyí. Omi ẹ̀gbin á kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́ nínú adágún àkọ́kọ́, kí iyanrìn àti gbogbo ohun tó wúwo lè rì. Ó di inú adágún kejì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ìsàlẹ̀ tó fi ń hó yaya. Ibẹ̀ làwọn kòkòrò ti ń jẹ ẹ̀gbin náà, wọ́n ń mí, wọ́n ń sanra, wọ́n ń bímọ. Bí wọ́n bá ti yó, omi á tún dúró, àwọn fúnra wọn á rì sísàlẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, omi tó kù lókè á wá tòrò, á ṣàn lọ sínú odò. Ohun gbogbo tó bá gba ọwọ́ Ìyá Kòkòrò kọjá ló ń tòrò, àfi inú òun fúnra rẹ̀.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló da inú náà rú. Búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe tà, Olóbúlọ́ọ̀kù ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Ìyá Kòkòrò àti ọkọ rẹ̀ ló jọ kọ́ ilé kan sétí odò, ní ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, ọ̀nà jíjìn sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ kú, Olóbúlọ́ọ̀kù kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó kó ẹrù opó síta.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú," ó ní. "Òórùn iṣẹ́ yín ti wọ ògiri. Ẹ lọ gba yàrá nítòsí ìgbẹ́ yín."

Àwọn tó dúró níta bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló tẹ̀ lé obìnrin náà dé yàrá tó gbà, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, tí ibùsùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ilẹ̀kùn. Ó búra pé òun á gbẹ̀san, ilé òun á sì padà sọ́wọ́ òun.

Ó mọ̀ pé inú odò ni Olóbúlọ́ọ̀kù ti ń fi ẹ̀rọ fa omi tó ń mu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yí ilẹ̀kùn irin ẹ̀yìn, èyí tí wọn kì í ṣí àfi bí òjò bá ya bo adágún. Omi dúdú tú jáde, ó ya wọ odò.

"Máa lọ," ó sọ fún omi náà. "Bá mi kí Olóbúlọ́ọ̀kù, ọkọ mi."

Nígbà tó mọ̀ pé omi á ti dé ọ̀hún, ó múra, ó ní òun wá kí ará ilé. Olóbúlọ́ọ̀kù bu omi sínú ife, ó gbé e sókè sóòrùn. Ife náà mọ́ gaara.

"Ìyàwó wa, irú omi yìí ò sí níbi iṣẹ́ yín!" Ó gbé e mu, ó gùfẹ̀.

Ìyá Kòkòrò gbóòórùn ife náà títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi ẹsẹ̀ rìn gba etí odò padà sókè, kó lè mọ ibi tí ẹ̀san òun sọnù sí. Nítòsí ilé, ẹja ń ṣeré lórí òkúta. Níwájú, koríko odò dí bí irun, ó ń sẹ́ omi. Ó dé ibi tí odò ti tẹ̀ tí omi ti ń rọra rìn, ẹrẹ̀ ti rì síbẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́. Ó dé ibi àpáta, omi ń fọ́ mọ́ra, ó ń gbé atẹ́gùn mì. Ìgbà tó súnmọ́ ilẹ̀kùn irin rẹ̀ ló tó bá omi dúdú àti òórùn. Ó jókòó, ó káwọ́ lérí. Adágún àkọ́kọ́ rẹ̀ rèé, adágún kejì rèé, àwọn kòkòrò rẹ̀ náà sì wà lára òkúta! Òun tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí gbàgbé pé ọ̀dọ̀ odò ni wọ́n ti kọ́ ọ.

"Ìwọ odò, ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?" ó pariwo.

Ó ti ilẹ̀kùn náà. Àánú ẹja ṣe é díẹ̀. Àánú Olóbúlọ́ọ̀kù kò ṣe é rárá.

Kò pẹ́, àwọn àna Olóbúlọ́ọ̀kù ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí i. Ó yára kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun sínú ilé, ó ránṣẹ́ pe Ìyá Kòkòrò.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀dí ìgbẹ́. Mo fẹ́ dorí páìpù kọ odò lápá òkè ibí yìí, ilẹ̀ ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní odò máa ń wẹ ara ẹ̀, àbí?"

Ìyá Kòkòrò wo ibẹ̀. Ẹnu páìpù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi mímu fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bọ ara wọn lọ́wọ́.

"Odò máa ń wẹ ara rẹ̀, ọkọ mi."

Òótọ́ ni. Ó kàn dákẹ́ lórí ìyókù ni, pé odò fẹ́ ọ̀nà gígùn, ó fẹ́ atẹ́gùn, ó fẹ́ àkókò. Ó wá fa ìyàwó Olóbúlọ́ọ̀kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí obìnrin yẹn ló bá a kó ìkòkò rẹ̀ pa mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n lé e.

"Ìyàwó mi, omi kànga ni kí ìwọ, àwọn ọmọ àti àwọn àlejò máa mu. Má bi mí ní nǹkan kan."

"Ìyálé mi, ẹnu mi dà tí màá fi bi yín?" Ó fọwọ́ bo ẹ̀rín.

Páìpù ti wọnú odò kí àwọn àna tó dé. Olóbúlọ́ọ̀kù nìkan ló ń bu omi odò rẹ̀ mu, ife lórí ife, ó ń yangàn. Kó tó di pé wọ́n kó abọ́ kúrò nílẹ̀, ikùn rẹ̀ ti ń bá a jà. Ó sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun, ó jáde, ó tún sáré wọlé. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó tún bu omi mu. Ohun tó bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ á gba páìpù jáde, á yà sẹ́nu ẹ̀rọ, á padà wá bá a nínú ife. Bàbá ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ dí imú.

"Àna wa, ṣé bí ilé yín ṣe máa ń rùn nìyí?"

Àwọn àlejò kò sùn. Ọjọ́ kejì ni Olóbúlọ́ọ̀kù, tí ojú rẹ̀ ti wọnú, ránṣẹ́ pé kí ìyàwó àwọn gba òun. Ìyá Kòkòrò dé, kò jókòó.

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá mi dà?"

Ó mú un wá.

"Ti pálọ̀ ńkọ́?"

Ó mú ìyẹn náà wá, ó kó ẹrù tirẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Bí ara rẹ̀ ṣe le ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Kòkòrò ní kó gbẹ́ kòtò tí ẹ̀gbin á ti kọ́kọ́ rì, kó kó òkúta wẹ́wẹ́ sí èkejì, kó gbin koríko odò lé e. Lẹ́yìn náà, kó gbé páìpù kọjá ẹ̀rọ omi lọ sísàlẹ̀ odò. Olóbúlọ́ọ̀kù ń gbẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ìyá Kòkòrò gbé àpótí síbi ìbòòji, ó jókòó tì í.

"Ìyàwó wa, ó ti tó?"

"Kò tíì tó. Ẹ ṣì máa lọ."

Ó tún gbẹ́ títí ó fi kọjá oko ẹni ẹlẹ́ni. Ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò tíì tó?"

Láti àárọ̀ ló ti tó. Ìyá Kòkòrò na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé àpótí, ó tún sún síwájú.

"Ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ, ọkọ mi. Màá sọ fún yín."